GNU Radio fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ l'Ádó-Èkìtì: ó yẹ ní lílò

Ẹni tó bá fẹ́ fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń sọ ìgbì rédíò di ohùn, GNU Radio, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí ìgbì rédíò, la máa ní kó lò. Ọ̀fẹ́ ni, Ubuntu (irú Linux kan) sì gbà á dáadáa. Ohun tó kù kò ju RTL-SDR kan, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ìgbì rédíò, tí à ń kì bọ USB, pẹ̀lú eriali rẹ̀.

Ojú ni wọ́n á fi rí iṣẹ́ náà: àpótí-àpótí ni à ń so pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ fi Soapy RTLSDR Source, àpótí tó ń gba ìgbì láti ara RTL-SDR, sí ìwọ̀n (sample) 2,400,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; Low Pass Filter á fi 5 pín in, ó di 480,000; WBFM Receive, tó ń yọ ohùn kúrò nínú ìgbì FM, á fi 10 pín ìyẹn, ó di 48,000, iye tí Audio Sink, tó ń gbé ohùn jáde, ń fẹ́ gan-an. Bí ìṣirò yìí bá yẹ̀, ohùn á máa já, "aUaUaU" (àmì pé ohùn kò tètè dé) á sì kún ojú tẹ́míná. Ẹ má fi Throttle, àpótí tó ń dín eré kù, sí i rárá o! RTL-SDR fúnra rẹ̀ ló ń darí eré.

Bí kọ̀ǹpútà ò bá rí RTL-SDR lò, dvb_usb_rtl28xxu, dráífà tẹlifíṣọ̀n inú Linux, ló ti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ fi dráífà náà sí blacklist (àkójọ àwọn tí Linux ò gbọdọ̀ gbé dìde), kẹ́ ẹ pa kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tún un tàn.

Ìlú olókè l'Adó, ẹ gbé eriali sójú fèrèsé. Ẹ fi wáyà USB gbé RTL-SDR jìnnà sí ínfátà, torí ariwo rẹ̀ a máa yọ bí ìlà tóóró-tóóró lójú Frequency Sink, àpótí tó ń ya àwòrán ìgbì. Bí gain (bí a ṣe ń fún ìgbì lágbára tó) bá ga jù, ilé-iṣẹ́ rédíò á máa jáde níbi tí kò sí.

Ohun tó dùn wá ni pé àtẹ àpótí tí wọ́n fi GNU Radio ẹ̀dà 3.7 ṣe lè má ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà 3.10.