Súfèé Tí Kò Kúrò Létí Mi: Àgbéyẹ̀wò Fíìmù M (1931)

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ súfèé lálẹ́ nílé wa. Ìyá àgbà á ti pariwo láti yàrá: "Ta ló ń pe ejò wọlé yẹn?" Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lára mi. Bóyá ìdí nìyẹn tí M fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Fíìmù Jámánì ni. Fritz Lang ló darí rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀, Thea von Harbou, ni wọ́n jọ kọ ọ́, ó sì jáde ní Berlin lọ́dún 1931. Ẹnì kan ń pa àwọn ọmọdé nígboro. Kí ojú tó mọ̀ ọ́n, etí ti mọ̀ ọ́n: súfèé ló máa ń sú, orin kan tí Edvard Grieg, ará Norway tó ń ṣẹ̀dá orin, kọ, tó ń yára bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Orí fóònù ni mo ti kọ́kọ́ wò ó, mo fi íápíìsì sétí. Ó dé ibì kan, gbogbo ìró dákẹ́ wẹ́lo. Mo yọ íápíìsì, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo tún un kì bọ ibẹ̀, kò dún. Mo ní ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò bàjẹ́ o. Fíìmù olóhùn tí Lang kọ́kọ́ ṣe nìyí, kò sì fi orin tì í lẹ́yìn rárá, àfi èyí tí àwọn ará inú fíìmù bá fẹnu ara wọn sú tàbí fọwọ́ ara wọn lù. Nínú fíìmù tiwa, ìlù ti máa ń ta wá lólobó pé ìkà ń bọ̀ kó tó yọjú. Níbí, ìdákẹ́rọ́rọ́ ni, súfèé á wá já lù ú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Elsie. Ìyá rẹ̀ ń fọṣọ, ó ti gbé àwo sórí tábìlì, ó ń retí ọmọ láti iléèwé. Lójú títì, ọmọ ń ju bọ́ọ̀lù rẹ̀ mọ́ ìwé ìkéde kan: 10,000 máàkì (owó Jámánì ìgbà náà) fún ẹni tó bá jẹ́ kí ọwọ́ tẹ apànìyàn. Òjìji ọkùnrin kan bo ìwé náà. Ohùn pẹ̀lẹ́ jáde: bọ́ọ̀lù rẹ mà dára o, kí lorúkọ rẹ? Ó ra bàlúùnù fún un lọ́wọ́ afọ́jú kan. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pe "Elsie! Elsie!" Àtẹ̀gùn ilé ṣófo. Àwo ṣófo. Bọ́ọ̀lù yí jáde láti inú igbó, ó dúró. Bàlúùnù há sára wáyà òpó. Ó parí. A kò rí ẹ̀jẹ̀, a kò rí ọ̀bẹ, a kò gbọ́ igbe. Òbí tó bá wò ó ni yóò fi ọkàn ara rẹ̀ parí èyí tó kù, mi ò sì tíì rí fíìmù ẹlẹ́jẹ̀ kankan tó dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Peter Lorre ló ṣe apànìyàn náà. Ẹni kúkúrú ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bí ti ọmọ ọwọ́, ẹni tí a lè jọ wọkọ̀ kan náà kí n má wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Afọ́jú tó ta bàlúùnù ló dá súfèé yẹn mọ̀. Ọmọkùnrin kan fi ṣọ́ọ̀kì kọ M sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ (lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ "apànìyàn" lédè wọn ni), ó ṣe bí ẹni tí èèpo ọsàn yọ̀, ó sì gbá ọkùnrin náà léjìká. Ọmọdébìnrin tó fẹ́ tàn lọ ló fi hàn án pé aṣọ rẹ̀ ti dọ̀tí, ó tún fẹ́ bá a nù ún. Ó yíjú wo dígí. Ojú Lorre ràn kalẹ̀. Ẹni tó ń lé ọmọ ọlọ́mọ kiri ti di ẹni tí wọ́n ń lé.

Àárín fíìmù fà díẹ̀. Ìwákiri ọlọ́pàá ń ba iṣẹ́ àwọn olè jẹ́, làwọn náà bá ń wá apànìyàn yìí. Ìpàdé ọlọ́pàá àti ìpàdé àwọn olè pọ̀, èéfín sìgá bo gbogbo yàrá, ẹni tí kò bá ní sùúrù lè sùn lọ. Ẹ fara dà á, nítorí ilé iṣẹ́ ìpọntí kan tí wọ́n ti pa tì ń bẹ níwájú. Ibẹ̀ ni àwọn olè fúnra wọn ti jókòó dá ẹjọ́ rẹ̀. Lorre kúnlẹ̀, ó ń ké pé nǹkan kan ń lé òun kiri nínú ara òun, pé òun kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo káàánú rẹ̀, inú sì bí mi gidigidi pé mo káàánú rẹ̀. Àfìgbà tí obìnrin kan láàárín èrò pariwo pé kí wọ́n bi àwọn ìyá léèrè ni orí mi tó wálé. Ìkà tó kàn burú lásán kì í ṣe mí báyìí. Ọjọ́ kejì ni mo ti máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ẹ wá ẹ̀dà elédè Jámánì, kí ẹ ka ìtumọ̀ nísàlẹ̀, torí ohùn Lorre níbi ẹjọ́ yẹn kò ṣeé pààrọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé bá yín wò ó. Lẹ́yìn tí mo wò ó tán ni mo kà pé Lorre kò mọ súfèé sú, pé Lang sọ pé òun fúnra òun lòun sú u. Mo padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ètè rẹ̀ ni mo tẹjú mọ́. Nígbà tó jókòó níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí, tó mu bùráńdì, tí súfèé bẹ̀rẹ̀, ewé ni Lang gbé sí àárín àwa àti ojú rẹ̀.