Ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n tí mo kúrò lọ́dọ̀ wọn, àti ìwé mi tí wọ́n ní kò sí mọ́

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ọmọkùnrin kan ní ẹ̀ka wọn ní Ilorin ló jẹ́ kó pé méjì.

Ọdún 2009 ni mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan níbí. Ní 2021, lẹ́yìn tí PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó pẹ́ńṣọ̀n, ti gbà kí òṣìṣẹ́ máa kó owó rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn, mo kó tèmi lọ. PIN mi, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ pẹ́ńṣọ̀n mi, ò yí padà, owó sì dé ibi tó ń lọ. Wọn ò yọ mí lẹ́nu rárá lórí ìyẹn.

Ìgbà tí mo pé àádọ́ta ọdún, tí mo fẹ́ gba owó mi, ni wàhálà dé. Mo tú àpò ìwé mi sórí bẹ́ẹ̀dì. Láti Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ìwé owó oṣù mi fi hàn pé wọ́n yọ 3,600 náírà nínú 45,000, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá mẹ́wàá tó yẹ kí ọ̀gá fi lé e jẹ́ 4,500. Oṣù mẹ́rin, 32,400 náírà. N ò rántí pé mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan pé ó wọlé. Lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tuntun, ìlà kan péré ni wọ́n kọ ọdún méjìlá náà sí: àròpọ̀ owó tó ti ọ̀dọ̀ ti àkọ́kọ́ wá.

Mo padà sí ọ́fíìsì àkọ́kọ́. "Àlàájà, ẹ má bínú," ni ìyáàfin tó wà nídìí tábìlì wí. "Ẹ ti kúrò lọ́dọ̀ wa, ó ti lé lọ́dún márùn-ún. A kì í tọ́jú ìwé jù bẹ́ẹ̀ lọ." Àyà mi já.

Mo mọ ibi tí ọdún márùn-ún yẹn ti wá. Òfin 2022 tó ń gbógun ti fífi owó kòtọ́ ṣòwò ló ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá owó ṣe tọ́jú àkọsílẹ̀ oníbàárà fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán, lẹ́yìn tí àjọṣe bá parí. Ó kéré tán ni wọ́n kọ síbẹ̀! Àwọn tó ń jí owó kó jọ ni òfin yẹn ń wá, kì í ṣe èmi tí mo fẹ́ ka owó oṣù mi. Òfin dátà ti 2023 náà ní kí wọ́n má tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹni kọjá ìgbà tó bá wúlò, mo sì fara mọ́ ọn. Àmọ́ ìgbà wo ni ìwé pẹ́ńṣọ̀n ò wúlò mọ́? Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lè forúkọ sílẹ̀, kó kúrò lọ́dọ̀ wọn ní ọgbọ̀n, kó má fọwọ́ kan owó náà títí di àádọ́ta. Bó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò wá béèrè. Ní Amẹ́ríkà, òfin pẹ́ńṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní ERISA, ti 1974, ní ọdún mẹ́fà fún àwọn ìwé ìròyìn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síjọba, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ń mọ ohun tó tọ́ sí òṣìṣẹ́, ó ní láti wà níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì lè wúlò. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ọmọkùnrin tí mo wí yẹn ló sáré bá mi lórí àtẹ̀gùn. "Mà, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ kọ PIN yín àti orúkọ ibi iṣẹ́ yín tẹ́lẹ̀ sí i, màá bá yín fi ránṣẹ́ sí Èkó." Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà ló pè mí. Ojú ewé mẹ́rìnlá. Ó wà lọ́wọ́ wọn látọjọ́ yìí! Ní 2015, lẹ́yìn Oṣù Karùn-ún, Oṣù Kẹwàá ló tẹ̀ lé e: owó oṣù mẹ́rin yẹn ò wọlé.

Ẹ̀yin tó fẹ́ kó owó yín lọ síbòmíràn, ẹ gba stétímẹ́ǹtì yín láti ọjọ́ kìíní kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ti 2014 fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ méje péré láti san owó náà lẹ́yìn owó oṣù, ìtanràn rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Mo ti lẹ ojú ewé ti 2015 mọ́ ẹ̀sùn tí mo kọ sí PenCom.