Ìnfátà ọkọ̀ 300 watt tí mo rà ní Adó: ọlọ la padà fi lọ ata

Àwọn àna wa ń bọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́, iṣu ti ń hó lórí iná, NẸ́PÀ sì ti mú iná lọ láti àná. Mo ní kò séwu, ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìnfátà tí wọ́n ń kì bọ ihò sìgá ọkọ̀, tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọ̀gá tó tà á bóyá ó lè gbé blẹ́ńdà. Ó rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, blẹ́ńdà kẹ̀? Fíríìjì gan-an, á gbé e!"

Òjò ń rọ̀. Mo wa ọkọ̀ sínú gáréèjì, mo tilẹ̀kùn, mo fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, mo na wáyà gba ojú fèrèsé kíṣìnnì. Màmá mi tẹ blẹ́ńdà. Ó yí ẹ̀ẹ̀kan péré, ìnfátà ké "píììì", ihò sìgá kú. Màmá wo ojú mi, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n lọ gbé ọlọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbaná jẹ dé ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀gá ò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀. Ó ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò, àwọn kì í gba ọjà padà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ló rọra pè mí síta.

"Dádì, ẹ má bínú. Mélòó ni wọ́n kọ sídìí blẹ́ńdà yín?"

Mo ní 400 watt.

"Ìnfátà yìí, 300 ni. Ihò sìgá tiẹ̀ tún kéré sí i: fíúsì 15 amp ló wà nínú ti ọkọ̀ yín, bátìrì sì jẹ́ 12 volt. 15 lọ́nà 12, 180 watt nìyẹn. Blẹ́ńdà tún máa ń fa iná ju tirẹ̀ lọ nígbà tó bá ń gbéra. Tí ríwáyà bá fẹ́ pààrọ̀ fíúsì yẹn, 15 náà ni kó fi síbẹ̀ o. Tó bá fi 30 sí i, wáyà lè jó." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Níbo lẹ páàkì sí?"

Mo ní gáréèjì.

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?"

Mo ní òjò ń rọ̀, mo tì í. Ọmọ náà kàn ń wò mí. "Dádì, gáàsì kan wà nínú èéfín ẹ́ńjìnnì tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn. Ó ń pani."

Fèrèsé tí mo ṣí nítorí wáyà ni mo rántí, àti màmá mi tó kúnlẹ̀ ti ọlọ lábẹ́ rẹ̀. Mi ò tíì pa ẹ́ńjìnnì nígbà yẹn. Ibẹ̀ ni ìbínú mi tán sí. Mo fi owó lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó yára wẹ̀yìn bóyá ọ̀gá rẹ̀ ń wò.

Ìta gbangba ni mo ń gbé ọkọ̀ sí báyìí. Láàpútọ́ọ̀pù mi, fóònù mẹ́ta, gílóòbù méjì: ìnfátà yìí ò já mi kulẹ̀ rí. Bátìrì bá ti ń rẹlẹ̀, á ké, á sì pa ara rẹ̀ kó tó fà á gbẹ. Fáànù orí tábìlì nìkan ló ń kùn bí agbọ́n lára rẹ̀, tó sì ń gbóná, torí iná tó ń gbé jáde ò rí bíi ti NẸ́PÀ gẹ́lẹ́. Àwọn ìnfátà olówó gọbọi ló ń gbé irú ìyẹn jáde.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọ̀kan tí mo yọ, ti fáànù ni.