Iṣẹ́ screenshot láti inú terminal: àpótí òfìfo ni wọ́n kọ́kọ́ yà fún mi

Iṣẹ́ kan tí mò ń sanwó fún, tó ń bá èèyàn ya àwòrán ojú-ìwé ayélujára (screenshot), ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwòrán tí wọ́n yà fún mi ò pé, mo sì fẹjọ́ sùn wọ́n. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé wọ́n ní nẹ́tíwọ̀kì mi ni kò dáa. Ẹ gbọ́ ná: àṣẹ kan ni mò ń tẹ̀ sínú terminal (ojú tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà), màá fi líǹkì sí i, sáfà tiwọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà wọn tó wà lọ́nà jíjìn, ló máa ṣí ojú-ìwé náà lọ́hùn-ún, á yà á, á sì fi fáìlì àwòrán PNG ránṣẹ́. Kí ló wá kan nẹ́tíwọ̀kì mi?

Ojú-ìwé gígùn kan tó kún fún fọ́tò ni mo ní kí wọ́n yà látòkè délẹ̀. Fọ́tò méjì àkọ́kọ́ mọ́ kedere. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, àpótí aláwọ̀ eérú ló tò tẹ̀léra, àkọlé wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, fọ́tò ò sí. Àṣẹ náà ò sì sọ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó ní òun ti parí. Èyí gan-an ló burú, torí ẹni tó bá ń ya ọgọ́rùn-ún ojú-ìwé lóru ò ní mọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Mo bi òṣìṣẹ́ wọn tó dá mi lóhùn pé, "Ṣé ẹ ti wo àwòrán tí mo fi ránṣẹ́?" Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì kan náà ló tún fi dá mi lóhùn.

Arábìnrin kan lára àwọn òṣìṣẹ́ wọn ló wá gba ẹjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba líǹkì, ó ṣí i fúnra rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ló ti wá." Ó ṣàlàyé pé irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ kì í gbé fọ́tò ìsàlẹ̀ wá àfi téèyàn bá fà á wálẹ̀ débẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó ń fa ti sáfà. Ó fún mi ní àṣẹ tó ń fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì ń dúró kí fọ́tò wọlé kó tó yà á. Mo tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ pé! Ó tún ní tó bá jẹ́ ojú-ìwé kúkúrú, kí n má náwó rárá, Chrome ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2017:

google-chrome --headless --screenshot --window-size=1280,1600 líǹkì

Ìwọ̀n téèyàn bá kọ síbẹ̀ nìkan ló máa yà o. Ẹ ò rí i pé ó mọṣẹ́, ó sì lóòótọ́?

Owó àwọn àwòrán òfìfo yẹn ńkọ́? Wọn ò dá a padà. Wọ́n ní sáfà ti ṣiṣẹ́ tiẹ̀, ó sì ti wọ inú iye àwòrán tí mo lè yà lóṣù. N ò gbà, mo ṣì ń bá wọn fà á.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.