Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún sọ́séèjì "ti àwọn ọmọdé" tí sítíkà bò mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ kí owó yín tó bá tèmi lọ. Ẹnì kan wà tó ń ta sọ́séèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń polówó rẹ̀ pé ti àwọn ọmọdé ni: ẹran adìyẹ pọ́ńbélé, iyọ̀ díẹ̀, kò sí kẹ́míkà kankan. Náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara ni wọ́n dì í sí, sítíkà aláwọ̀ ewé wà níwájú àti lẹ́yìn, pẹ̀lú àwòrán adìyẹ kan tó ń rẹ́rìn-ín. Odindi páálí ni mo rà. Náílọ́ọ̀nù 12! Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ṣé mi ò ka ẹ̀yìn rẹ̀ ni? Mo kà á o. Àṣé sítíkà ni mo ń kà.

Sítíkà ọ̀hún nípọn jù. Nígbà tí òtútù fíríìsà mú un, igun rẹ̀ kan ká sókè. Mo rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná, mo fi tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, ló bá ṣí. Abẹ́ rẹ̀ ni ojúlówó àkọlé ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà. Ẹ wo ohun tí wọ́n tò síbẹ̀: ẹran adìyẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ yọ lára egungun, omi, ọ̀rá adìyẹ, sítáàṣì, iyọ̀, E451, E621, E250 (nọ́ńbà àwọn èròjà tí wọ́n ń fi kún oúnjẹ ni àwọn E yìí). Iyọ̀ gíráàmù 2.2 nínú 100 gíráàmù. Ìyẹn ni "iyọ̀ díẹ̀"!

Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ìrẹ́jẹ yẹn wà. Èyí tó bá wúwo jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú, nítorí náà omi tó wà ní ipò kejì pọ̀ ju ọ̀rá lọ, ó sì pọ̀ ju sítáàṣì lọ. Omi ni mo sanwó fún! E451 ló ń di omi náà mú kó má baà ṣàn jáde. Ẹran tí wọ́n sì pè ní ti ẹ̀rọ yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé ẹran gidi kúrò, egungun tó kù ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n fi agbára tì gba ojú asẹ́, tó ń jáde ní rọ̀bọ̀tọ̀ bí ọṣẹ ìfọyín. Kì í ṣe májèlé, òfin ò sì kà á léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí wọ́n ní àwọn ń tà fún mi nìyẹn?

Ní ti iyọ̀, ìmọ̀ràn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí ọmọ ọdún 1 sí 3 má jẹ ju gíráàmù 2 lọ lóòjọ́, kí ọmọ ọdún 4 sí 6 má sì jẹ ju 3 lọ. Sọ́séèjì méjì tó jẹ́ 50 gíráàmù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ti kọjá ti ọmọ ọdún mẹ́ta, kó tó fẹnu kan oúnjẹ mìíràn. Bó bá jẹ́ sodium, èròjà tó wà nínú iyọ̀, ni wọ́n kọ, ẹ fi 2.5 ṣe ìlọ́po rẹ̀: sodium mílígíráàmù 880 ni iyọ̀ gíráàmù 2.2 yẹn. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ máa ń kọ ọ́ báyìí kó lè dà bíi pé ó kéré.

E250 ni nitrite. Òun ló ń mú kí ẹran pọ́n, tó sì ń dènà kòkòrò. Ní ọdún 2015, àjọ IARC tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ka irú ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ àti nitrite tọ́jú mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Jíjẹ 50 gíráàmù lójoojúmọ́ ń fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu náà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "kò sí nitrite tí a fi kún un" tàn yín. Bí ìyẹ̀fun celery, ewébẹ̀ òyìnbó kan, bá wà níbẹ̀, nitrite kan náà ló ń dà nígbẹ̀yìn.

Ó yẹ kí n ti fura nínú páànù, ká má parọ́. Ẹran tí wọn ò fi nǹkan sí, tó bá jinná tán, eérú-eérú ni inú rẹ̀ máa ń rí. Èyí jinná dé inú, ó ṣì pọ́n bí ètè ọmọ ọwọ́. Bí mo ṣe gé e, kò sí fọ́nrán ẹran kan níbẹ̀, ó kàn ń ta bíi fóòmù. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń gé sọ́séèjì wò bí ẹni ń ṣe iṣẹ́ abẹ? Kì í ṣe èmi ló yẹ kí ojú ó tì! Nígbà tí mo fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹni náà ní, "Ẹ má bínú mà, àṣìṣe ìwé títẹ̀ ni." Sítíkà tẹ ara rẹ̀ bo àkọlé? Kí n tó fèsì, ó ti búlọ́ọ̀kì mi. Ní báyìí, mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nínú wọn mọ́, títí kan àwọn tó ń wọ aṣọ dókítà polówó ọjà.

Bí ẹ bá máa rà á ṣá, ẹ fi èékánná ha gbogbo igun sítíkà. Ẹ gba fọ́tò àkọlé ilé iṣẹ́ kí ẹ tó sanwó. Kí ẹran tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kí iyọ̀ má dé gíráàmù 1.5 nínú 100, kí E249 sí E252 (nitrite àti àwọn ẹbí rẹ̀) má sí níbẹ̀. "A ti dín iyọ̀ kù" kò ju pé ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ṣì lè pọ̀ gan-an. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ là á ní ìnàró sí mẹ́rin, ẹ má gé e róbótó bí owó ẹyọ, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń há sí ọ̀fun.

Àbí kí ẹ kúkú ṣe é fúnra yín: 500 gíráàmù itan adìyẹ tí ẹ ti bó awọ rẹ̀, kí ẹ lọ̀ ọ́, iyọ̀ gíráàmù 2.5, àlùbọ́sà tí ẹ rin. Ẹ fi ọwọ́ tútù ṣe é gbọọrọ bí ìka, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó lè dì, kí ẹ sì sè é títí inú rẹ̀ yóò fi gbóná dé 74°C. Kò ní pọ́n o. Àwọn ọmọ á bi yín ìdí.