Fídíò tí wọ́n fi ń polówó Abuja yìí ò tíì tó rárá

Mo wo bíi márùn-ún lálẹ́ àná nínú àwọn fídíò tí wọ́n fi ń pe àlejò wá sí Abuja, inú mi ò dùn sí i. Àwòrán yẹn mọ́ lóòótọ́, àmọ́ drónù, drónù, drónù ṣáá! Wọ́n á fò lórí Àpáta Zuma wọ́n á ní Abuja nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ Niger ló wà, lójú ọ̀nà Kaduna. Ó tún di hòtẹ́ẹ̀lì, Jabi Lake, ó parí. Àwọn Gbagyi tó nilẹ̀ ńkọ́? Ladi Kwali amọ̀kòkò tí àwòrán ẹ̀ wà lẹ́yìn náírà 20, ọmọ Kwali l'Abuja níbí ni o, wọn ò tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀! Mo dé Ushafa, abúlé àwọn Gbagyi kan l'Abuja níbí, lọ́dún tó kọjá, mo rí ìyá kan tó ń mọ ìkòkò, ìkòkò ò yí o, ìyá yẹn ló ń fẹ̀yìn rìn yí i po, tó ń to amọ̀ lérí ara wọn, tó ń fi ọwọ́ tútù pa á kó dán, mo dúró wò ó títí oòrùn fi wọ̀. Irú ẹ̀ ló yẹ kí àlejò rí. Àbúrò mi n'Ìbàdàn wo fídíò kan náà, ó ní mọ́tò wo lòun máa wọ̀ dé'bẹ̀, èló ni, wọn ò sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé kámẹ́rà yẹn sọ̀kalẹ̀ wá bá wa nílẹ̀.