Ẹ̀rọ omi fàdákà ₦38,000: ohun tí mítà wí, ohun tí ojú mi rí

Mọ́mì mi ló fà á. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Muṣin ló ta ìgò omi fàdákà kan fún wọn (omi tí wọ́n po fàdákà tó kéré gan-an mọ́, tí òyìnbó ń pè ní colloidal silver), ó ní ó ń wo ibà, ó ń wo taifọ́ọ̀dù, ó ń wo egbò. Ìgò oníke tó mọ́ gaara ni, kò ní nọ́ńbà NAFDAC, omi inú rẹ̀ sì rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Mo ní kí wọ́n má tíì mu ún. Wọ́n ní, "Ìwọ dókítà, o ṣeun." Bí mo ṣe gba Computer Village ní Ìkẹjà lọ nìyẹn, mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é nílé, kí n lè mọ bí èyí tó dáa ṣe ń rí.

Ẹ̀rọ náà kò lọ́jú pọ̀: bátìrì 9-volt mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ di volt 27, wáyà fàdákà méjì, mítà TDS kan tó rí bíi bírò (wọ́n ní ó ń ka bí nǹkan tó yòrò sínú omi ṣe pọ̀ tó), àti ìwé ìlò. Ẹ ó ki wáyà méjèèjì bọ omi, iná á sì máa ha fàdákà kúrò lára wọn. Èyí tó bá já sínú omi pín sí méjì: apá kan yòrò bí iyọ̀ ṣe ń yòrò, apá kejì wà bí ẹ̀rún tó kéré débi pé kò lè rì.

Mo gbé wáyà náà lọ bá alágbẹ̀dẹ kan ní Ìdúmọ̀tà. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, ó fi ha òkúta dúdú, ó ní, "Bọ̀dá, èyí kì í ṣe 925 o, ó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ." Inú mi dùn, torí nínú 1,000 ìdá fàdákà 925 tí wọ́n fi ń rọ yẹtí, 75 kì í ṣe fàdákà, bàbà ló sábà máa ń jẹ́, bàbà yẹn náà á sì bọ́ sómi. Wáyà yege.

Omi ló dá mi lágara, torí omi tí kò ní nǹkan kan nínú ni mo fẹ́. Kí n tó tanná sí pure water rárá, mítà ti ka 64. Mo lọ ra omi bátìrì lọ́wọ́ ríwáyà kan ní Ojúẹlẹ́gba: kẹ́ẹ̀gì kan ka 2, ìkejì fò kọjá 300. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní ásíìdì ni wọ́n ń rọ sí kẹ́ẹ̀gì yẹn tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn oníkẹ́míkà ní Ọjọ́ta ni mo ti wá rí omi tó ka 0.

Ìwé ìlò ní kí n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i kó lè yá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sínú ife kan. Kò pẹ́ tó fi funfun bí omidùn, mítà sì ka 180. Ẹni tó bá gba mítà gbọ́ á ní ògidì nìyẹn! Bẹ́ẹ̀, bí iná ṣe ń gba inú omi kọjá nìkan ni mítà yẹn mọ̀. Iyọ̀ ló ń kà. Fàdákà tó yòrò ti lọ so mọ́ kílóráìdì inú iyọ̀, òun ló di funfun yẹn. Ẹni tó bá ń fi "20 ppm" (ìdá 20 nínú mílíọ̀nù kan) polówó fún yín, ẹ bi í bóyá ó fi iyọ̀ sí i.

Ife kejì, mi ò fi nǹkan kan sí i. Wákàtí méjì, mò ń nu èérí dúdú kúrò lára wáyà ṣáá. Ó mọ́ gaara, ó kàn pọ́n bí ẹni pé wọ́n ki tíì bọ̀ ọ́ tí wọ́n sì tètè yọ ọ́. Mítà ka 11.

Wọ́n múná lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí òkùnkùn wúlò fún mi. Mo tan lésà tí mo rà nínú gósúlóò Òṣòdì sínú omi lásán: n kò rí nǹkan kan. Mo tàn án sínú ife kejì: okùn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan là á já, bí ìtànṣán oòrùn tó gba ihò páànù wọ yàrá tí wọ́n ń gbá lọ́wọ́; ẹ̀rún inú omi ló ń mú kí iná náà hàn. Ti Mọ́mì ńkọ́? Okùn náà sanra, ó ṣú bàìbàì, nígbà tó sì máa di àárọ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú ti wà nísàlẹ̀ ìgò. Ẹ̀rún rẹ̀ ti dì mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ má fi lésà búra o. Mo kán mílíìkì ẹ̀kán kan sínú omi, òun náà yọ okùn. Mo tún fi iyọ̀ sí díẹ̀ nínú ife dáadáa mi, ó sì funfun lójú ẹsẹ̀: a jẹ́ pé fàdákà tó yòrò ló pọ̀ nínú òun náà.

Ṣé mo mu ún? Rárá. Láti 1999 ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti sọ pé oògùn tí wọ́n fi omi fàdákà ṣe tí wọ́n ń tà lórí àtẹ kò ní ẹ̀rí pé ó ń wo àìsàn kankan tàbí pé kò léwu. Stan Jones, tó du ipò sẹ́nétọ̀ ní Montana, fúnra rẹ̀ ló ń ṣe tirẹ̀ nílé tó ń mu; àwọ̀ ara rẹ̀ di búlúù bí eérú, kì í sì í lọ mọ́. Ìpara fàdákà tí wọ́n ń fi pa ojú iná ní ọsibítù, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rọ gba ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún, mítà gba ọ̀kan, ìwé ìlò kò gba nǹkan kan. Mọ́mì da ti ìgò wọn nù nígbà tí wọ́n rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn. Wọ́n wá ní, níwọ̀n ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ti jẹ́rìí sí wáyà mi, kí n gbé e padà lọ bá a, kó fi rọ yẹtí fún àwọn.